Ihò Kẹrin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ìsàlẹ̀ ni oró rẹ̀ wà, bíi ti eyín tó ń jẹrà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ yín, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.

Dókítà eyín kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ṣiṣẹ́, orúkọ náà sì tọ́ sí i. Ọmọ tó bá ń ké bọ̀ láti ẹnu géètì, kó tó jókòó tán lórí àga rẹ̀, á ti dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ yìí, eyín tó bá ti ń dun èèyàn wọ eegun, yíyọ ni. Nígbà tó yá, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í dá eyín sí. Wọ́n á lu ojú rẹ̀, wọ́n á kó ẹran inú rẹ̀ tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á fọ àwọn ihò tó gba inú gbòǹgbò kọjá, wọ́n á sì dí wọn pa. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ ìmọ̀ kì í dúró síbi tá a fi í sí. Àwọn kan ní iṣẹ́ inú gbòǹgbò yìí tó ohun téèyàn ń dá kọ́ lọ́tọ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n ní ìdánwò tiwọn, wọ́n sì ń fi awò tó ń sọ ohun tíńtín di ńlá wo inú eyín.

Dókítà obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ. Nígbà tó padà dé, wọ́n fún un ní yàrá kan nílé ìwòsàn ọ̀gá rẹ̀, wọ́n kọ "Dókítà Gbòǹgbò Eyín" sára ilẹ̀kùn. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọdún mẹ́ta nítorí gbòǹgbò? Ṣé àgbẹ̀ lo fẹ́ dà ni?"

Gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, torí ọ̀gá rẹ̀ ni.

2.

Aránṣọ ni ìyàwó Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Lọ́jọ́ kan, eyín ẹ̀yìn rẹ̀ kan lápá òkè bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ọkọ rẹ̀ gbé e sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dókítà obìnrin náà ń kọjá lọ, ó yọjú wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ihò mélòó lẹ rí?"

"Mẹ́ta. Mẹ́ta ni wọ́n kọ́ wa."

"Eyín yẹn sábà máa ń ní ìkẹrin, sà. Ó máa ń sá pamọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi awò wò ó, kò ní pẹ́."

"Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀mú mú! Mo ní mẹ́ta ni."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dá sí i. Ọkọ rẹ̀ rọra gbé ọwọ́ náà padà sórí itan rẹ̀, ó sì dí ihò mẹ́ta.

3.

Ìrora lọ. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ń yangàn káàkiri ilé ìwòsàn pé, "Ẹ bi í bóyá ó ṣì ń dùn ún!" Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi: eyín tó dákẹ́ kọ́ ni eyín tó sàn. Nígbà míì, ṣe ló kú.

Nígbà tó di oṣù keje tí wọ́n ti dí eyín náà, ihò imú ìyàwó rẹ̀ lápá kan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n lọ bá dókítà yẹn, kó kàn bá mi wò ó."

"Kí wọ́n wá máa sọ pé ìyàwó mi sá lọ bá ọmọ tí mo kọ́? Ọ̀fìnkìn ni. Lo oògùn yìí."

"Dádì, ó ń dùn mí dé ẹyinjú."

"Mo ní ọ̀fìnkìn ni!"

Ohun tó ń bí mi nínú jù rèé: ó mọ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun ọ̀sán, ó ti fi ẹ̀rọ tó ń rí inú eegun ya fọ́tò eyín ìyàwó rẹ̀. Ó rí ojú dúdú tó yí gbòǹgbò ká, àmì pé ọyún ti wà níbẹ̀. Ó ti fọ́tò náà bọ inú dúrọ́ọ̀, ó sì tì í pa.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ìpéǹpéjú obìnrin náà wú, kò ṣí mọ́. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọyún ti gòkè dé ẹ̀yìn ẹyinjú, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà là. Wọn ò rí ojú náà gbà là.

Lẹ́yìn náà, dókítà obìnrin yẹn ṣí eyín náà. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó rí ihò kẹrin. Ó kàn sún kúrò nídìí awò kí ọ̀gá rẹ̀ lè wò ó.

4.

Kò sẹ́ni tó ń pe ọkùnrin náà ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ mọ́. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ránṣọ, àmọ́ kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń bá a ṣe é. Á jókòó tì í, á máa làágùn, òwú á máa yẹ̀ sọ́tùn-ún, á máa yẹ̀ sósì. Obìnrin náà á dúró dè é.

"Dádì, ojú kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ ní, bíi tèmi. Kò sí ìkejì tó sá pamọ́. Ẹ wò ó dáadáa."

Kì í pariwo. Àmọ́ kò sí ọjọ́ tí kì í sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, mo kìlọ̀ fún yín. Tí ọmọ tẹ́ ẹ kọ́ níṣẹ́ bá ní ẹ jẹ́ kóun wò ó, ẹ sún fún un, kì í ṣe ẹ̀gàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹ má fi ara yín gbé iyì ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọkọ yín. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan tẹ́ ẹ mọ̀ tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọkùnrin yìí ka ẹ̀ta, ó ní òun ti kà á tán.

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì.