Ìdí Ewé Ni Yóò Bá Mi

Ní Ìdí-Àràbà, abúlé olóbì tó wà lódìkejì odò wa, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Fẹlísíà. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run, mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò lè dúró de nǹkan. Bó bá gbé ìrẹsì kaná, á máa ṣí ìdérí wò ṣáá. Ìrẹsì ò ní í jinná, òun náà ò ní í sinmi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń gbọ́ mi yìí, ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin náà ní díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣówándé, ọkọ rẹ̀, ti kú. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ojú màmá yìí ti fọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ń ríran. Agbọ̀n obì gbànja tí wọ́n tò sí yàrá ẹ̀yìn ni gbogbo oúnjẹ wọn títí òjò á fi padà. Èmi ni mò ń ra obì ọ̀hún lọ́wọ́ wọn, mo mọ ilé náà dáadáa.

Ẹni tí kò bá tọ́jú obì rí lè rò pé ká kàn kó o sínú agbọ̀n ló kù. Irọ́ ni. Ewé tútù la fi ń bò ó. Bí ewé bá gbẹ, obì á gbẹ. Bí ewé bá jẹrà, obì á jẹrà. Kòkòrò kan ṣoṣo tó bá wọlé, ibẹ̀ ló máa bí gbogbo ìdílé rẹ̀ sí. Nítorí náà a máa ń dà á sílẹ̀, a ó ṣà á, a ó pààrọ̀ ewé, tó bá tún yá a ó tún ṣe é. Iṣẹ́ tí kì í tán ni, ẹnikẹ́ni kì í sì í yìn ọ́ sí i.

Ìgbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wòlíì kan wọ abúlé. Ó ní Olúwa fi ọjọ́ han òun, pé Sátidé tó ṣáájú Kérésì ni Jésù máa dé sórí àpáta ẹ̀yìn abúlé. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ bá a lọ wọ funfun, kó gòkè lọ gbààwẹ̀, kó má fọwọ́ kan iṣẹ́ ayé mọ́. Fẹlísíà ló kọ́kọ́ fọ aṣọ.

Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ká ẹní sí abíyá.

Mo ní, "Ta ló máa tún obì ṣe?"

Ó ní, "Ìyá Túnrayọ̀, obì lẹ tún ń sọ? Ta ló ń jẹ obì lọ́run?"

"Màmá ńkọ́? Ṣé àwọn náà ti dé ọ̀run ni, tí wọn ò fi ní í jẹun?"

Ó tún ẹní rẹ̀ fún mọ́ abíyá. Màmá ló dáhùn láti inú ilé. "Jẹ́ kó máa lọ. Fẹlísíà, ọmọ mi, bí o bá rí Olúwa, sọ fún un pé mo wà nílé. Ó mọ ibẹ̀."

Ó lọ.

Èmi ni mò ń gbé ẹ̀kọ lọ fún màmá tí mo bá ń ti ọjà bọ̀. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ni mo bá wọn, wọ́n na ẹsẹ̀, obì yí wọn ká. Wọ́n ń fi ìka wá ihò kòkòrò lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá iná orí fún ọmọ.

Mo ní, "Màmá, ẹ sinmi. Wọ́n ní Olúwa ń bọ̀ ní Sátidé."

Wọ́n ní, "Ó lè dé ní Sátidé. Ó lè dé kí o tó sọ agbọ̀n ẹ̀kọ yẹn kalẹ̀. Ìgbà yòówù kó dé, ìdí ewé ni yóò bá mi."

Mo lọ já ewé wá fún wọn. Àmọ́ ọwọ́ arúgbó tí kò ríran kò lè kárí gbogbo agbọ̀n, ọyẹ́ ọdún yẹn sì burú.

Sátidé pé. Oòrùn yọ lórí àpáta bó ṣe máa ń yọ. Wòlíì ní ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn ni kò tó, ó tún dá ọjọ́ mìíràn. Fẹlísíà ká ẹní rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ó ń bẹ̀rù pé òkú màmá lòun máa bá.

Màmá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Fẹlísíà, ṣé ìwọ nìyẹn? Ẹ̀kọ wà nínú ewé. Jẹun ná kí o tó sunkún."

Lẹ́yìn tó jẹun, ó ṣí àwọn agbọ̀n. Èyí tí ọwọ́ màmá dé, obì inú rẹ̀ ń dán. Nínú àwọn yòókù, ìyẹ̀fun lásán ni kòkòrò fi sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, mo fi yín sílẹ̀ lọ dúró de Olúwa."

"Èmi náà ń dúró dè é, ọmọ mi. Na ewé yẹn sí mi."

Ebi pa wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ṣùgbọ́n Fẹlísíà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mọ́. Wọ́n jọ ń ṣa obì, wọ́n jọ ń kọrin. Kí òjò tó padà, níbi tí wọ́n jókòó sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, màmá fi orí ti èjìká ìyàwó ọmọ wọn, wọn ò gbé e mọ́. Olúwa ti dé bá wọn. Kò sí wòlíì tó dá ọjọ́ yẹn. Ewé ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, Jésù ń bọ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun mọ ọjọ́ rẹ̀, ẹ sá fún un, nítorí Olúwa fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tó fi sí ọ lọ́wọ́, máa ṣe é. Èèyàn tó fi tì ọ́, má fi í sílẹ̀. Bí a ṣe ń dúró de Olúwa ní tòótọ́ nìyẹn. Bí òjò bá ṣú, a kì í torí rẹ̀ da omi àmù nù.