Iṣẹ́ Tí Ìwé Rán Mosúnmọ́lá

Irọ́ kẹ̀? Èmi ni mo ń purọ́? Ẹ ní kò sí bí ọmọ ṣe lè kọ ìlà kan ṣoṣo kó sì borí àwọn tó kọ ojú ewé mẹ́ta? Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ fún yín.

Ní Òkè-Ìmẹ̀sí níbí ni Mosúnmọ́lá ń gbé. Orí rẹ̀ pé, àmọ́ ó ń gbéra ga. Ohun tó bá ti há sórí, ó gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Lọ́dún kan, tíṣà wọn nílé ìwé fẹ́ mú ọmọ kan péré tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa rán lọ sílé ìwé gíga. Bàbá Mosúnmọ́lá ti kú. Bí wọn ò bá mú un, ìwé parí nìyẹn.

Tíṣà fún wọn ní ìwé kan kà sílẹ̀ fún ìdánwò. Ó dá lórí àwọn nǹkan bíńtín tó wà nínú ohun gbogbo. Wọ́n kéré débi pé, bí ẹ bá kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún wọn sí èèrà nímú, kò ní sín! Orúkọ wọn sì lè ká eyín àgbà: ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù, púrótọ́ọ̀nù, kúáàkì. Mosúnmọ́lá kà á títí àwọn ewúrẹ́ àdúgbò fi ń bá a gbè é.

Ó lọ fi yangàn níwájú ìyá rẹ̀ àgbà, tó ń jọ èlùbọ́ lọ́wọ́. Ó kà á lórí látòkèdélẹ̀.

Ìyá àgbà ní, "O káre. Bí a bá rán ọmọ níṣẹ́ nílé yìí, kí ló máa ń ṣe kó tó jáde?"

"Á tún iṣẹ́ náà sọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó yé e."

"Ó dáa. Ká ní ìwé yẹn ló rán ọ sí mi. Kí ló ní kí o wí?"

"Ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù, púrótọ́ọ̀nù..."

"Mi ò bèèrè orúkọ ará ilé! Iṣẹ́ wo ni wọ́n rán ọ?"

"Ìyá àgbà, ẹ ò kàwé, kò lè yé yín."

"Èmi ò kàwé lóòótọ́. Ìwọ tó kà á ńkọ́, ṣé ó yé ọ?"

Ẹ̀rù ba Mosúnmọ́lá, torí ọ̀la ni ìdánwò. Ó padà sídìí ìwé, ó fọwọ́ bo àwọn orúkọ ńláńlá yẹn mọ́lẹ̀, ó wá ń ka èyí tó kù. Nígbà tó yá, ó sáré jáde.

"Ìyá àgbà! Ìwé ní kí n wí fún yín pé nǹkan bíńtín kan náà ni wọ́n fi ṣe òkúta, omi, èmi àti ẹ̀yin. Bí wọ́n ṣe tò ó ló yàtọ̀!"

"Ẹ̀n-ẹ́n! O jíṣẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà ní kí wọ́n kọ kókó ìwé náà. Àwọn yòókù kọ títí yíǹkì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ Yorùbá. Mosúnmọ́lá kọ ìlà kan. Òun ni wọ́n mú.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi híhá sórí pe òye. Ẹni tó kàwé tí kò mọ ohun tí ìwé ń wí, ìránṣẹ́ tó gbàgbé iṣẹ́ sọ́nà ni. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Ààbọ̀ tèmi rèé: mò ń gbóòórùn àkàrà lápò ẹnì kan níbí. Mú un wá.