Obìnrin Tó Ń Gbálẹ̀ Nínú Fóònù

Láti ìgbà tí ọkọ mi Láníyọnu ti wà ní àpọ́n ló ti ń ṣe géèmù kan lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà bàjẹ́, oṣù méjì ló fi wá ọ̀nà tí géèmù ọ̀hún yóò fi ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ló ń gbálẹ̀ ilé kan nínú rẹ̀. Òun ni ọkọ mi ń wò bó bá ń jẹun.

"Ṣé òun lẹ fẹ́ ni àbí èmi?" mo bi í lálẹ́ ọjọ́ kan.

"Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó mọ̀ ẹ́. Àwòrán lò ń bá jowú?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ wẹ̀. Mo gbé fóònù náà, mo sì pa ohùn rẹ̀. Síbẹ̀ mo ń gbọ́ ìgbálẹ̀ tó ń ha ilẹ̀. A kì í gbálẹ̀ lálẹ́ nílé wa, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni ìró náà ti ń bọ̀.

"Ìyàwó, ó tó gẹ́ẹ́," mo sọ fún fóònù. "Fi ọkọ mi sílẹ̀."

Ìró náà dáwọ́ dúró. Mo wo fóònù, ilé inú rẹ̀ ti ṣófo.

"Ta lò ń pè ní ìyàwó?" ohùn obìnrin kan bi mí láti ẹ̀yìn. "Nínú àwa méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n?"

Mi ò bojú wẹ̀yìn. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀.

"Ẹ kú alẹ́, ìyálé mi," ni mo wí.

Ìgbálẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ síhà ilé ìwẹ̀.