Tíì Ìyá Ihsan

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Hàwáwù, ìyá Ihsan, sọ ọ́, kò tún un sọ: ọmọ òun kò ní fẹ́ Haleem.

"Ó kù díẹ̀ kí ìyẹn pé ẹni ogójì ọdún," ni ó wí. "Ẹgbẹ́ mi ni, Ihsan, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí agùnbánirọ̀."

Léèsì ni Àlàájà Hàwáwù ń tà ní Balógun, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé e lọ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àfi bí oníbàárà bá ní ìdajì owó lòun fẹ́ san.

Ihsan kò bá a jà. Ó gbọ́n, ó sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn. Ó ní òun àti Haleem ti pínyà, ọ̀rọ̀ ti tán, bí ẹ̀gbọ́n ló rí sí òun báyìí. Lẹ́yìn náà ló pe Haleem lórí fóònù.

"Dókítà ti ní kí Màámi má fẹnu kan ṣúgà mọ́. Tíì tí ẹ máa ń mu láìfi ṣúgà sí yẹn, ẹ gbé e wá fún wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá ti fẹ́ràn yín tán, ẹnu wo ni wọ́n máa fi kọ̀?"

"Ìyá rẹ tí ò fẹ́ rí mi sójú?"

"Ẹ ṣáà lọ."

Haleem ń kó ife àti kẹ́tù wá láti Ṣáínà, ó ń tà wọ́n ní páálí-páálí ní Ìdúmọ̀tà. Ibẹ̀ ló ti kọ́ tíì eléwé, èyí tí kì í gbé inú àpò. Ní Sátidé, ó gbé gíláàsì gígùn kan wá, àti agolo ewé gbígbẹ.

Àlàájà yọjú wo inú agolo. "Àgbo ibà ni?"

"Tíì ni, Mọ́mì."

"Tíì? Èyí tó dà bí ìdọ̀tí tí wọ́n gbá lẹ́yìn ilé yìí?"

Haleem kò bínú. Nígbà tí omi hó, kò dà á lójú ẹsẹ̀. Ó ṣí ìdérí kẹ́tù, ó jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní omi tó ń hó máa ń jó ewé náà, á wá korò. Ó bu omi díẹ̀ lé e, ó dúró títí ewé fi rọ̀, kó tó wá bu ìyókù sí i. Ewé léfòó, wọ́n là, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlàájà tẹjú mọ́ gíláàsì bí ẹni ń wo fíìmù.

"Omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀fọ́," ni ó wí nígbà tó tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n ó ń mu ún.

Nígbà tó kù díẹ̀ nísàlẹ̀, Haleem gba gíláàsì náà. "Ẹ má mu ún gbẹ. Wọ́n máa ń bu omi míì lé e ni. Omi kejì ló ń dùn jù."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ tọ́ ọ wò ná."

Ó tọ́ ọ wò. Ó rẹ́rìn-ín.

Ihsan gbọ́ ẹ̀rín náà láti ilé ìdáná, ó sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí Títílayọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo Sátidé ni Haleem ń wá. Ihsan á wá iṣẹ́ lọ sí ilé ìdáná, kí wọ́n lè ráyè sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Haleem kò pe ìyá náà ní Mọ́mì mọ́. Àlàájà ló ń pè é. Ihsan ní ọ̀wọ̀ ló fi kún un. Ìpè rẹ̀ sí Ihsan náà dín kù.

"Mi ò fẹ́ kí ìyá rẹ rò pé à ń ṣe nǹkan lábẹ́lẹ̀," ni ó wí.

"Ṣé kì í ṣe pé ó ti ń sá fún ẹ?" Títílayọ̀ bi í.

"Ẹni tó ń sá ló ń wá sílé wa ní gbogbo Sátidé? Jọ̀ọ́, lọ wá ọkọ tìẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun, Àlàájà pe Ihsan jókòó.

"Haleem ti bá mi sọ̀rọ̀."

Ihsan fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọ̀rọ̀ yìgì?"

"Ọ̀rọ̀ yìgì ni. Mi ò tíì dá a lóhùn. Mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ. Ṣé kò ní dùn ọ́?"

"Kí ló máa dùn mí níbẹ̀? Màámi, ẹ gbà fún wọn, ẹ jọ̀ọ́!"

Àlàájà bú sẹ́kún, ó fà á mọ́ra. "Ọmọ gidi ni ọ́, Ihsan." Ihsan náà sunkún. Ìyá wo ni kò ní sunkún nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀?

Wọ́n fẹnu kò pé kò ní sí ariwo; pálọ̀ ilé ni wọ́n á ti ṣe é, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àlàájà gé léèsì funfun méjì láti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún Ihsan. Ẹ̀gbọ́n Àlàájà, Bọ̀dá Jimoh, wá láti Ìjẹ̀bú, ó jókòó ti àlùfáà. Kàmọ́rù, àbúrò bàbá Ihsan, tó yẹ kó jẹ́ alámòójútó tó máa fa ọmọ náà fún ọkọ, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbájú mọ́ ẹran. Ihsan ní bóyá ìyá òun fẹ́ kí ara ilé tirẹ̀ náà gbayì díẹ̀ ni.

Nígbà tí àkókò tó, àwọn ọkùnrin wà ní pálọ̀, àwọn obìnrin wà ní yàrá lẹ́yìn kọ́tìnì. Ihsan fa ìbòrí bojú. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ohùn àlùfáà ń wọlé wá, ó ka àdúrà tán, ó ní kí alámòójútó di ọwọ́ ọkọ mú, kó sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Haleem," ni Bọ̀dá Jimoh wí, "èmi fi àbúrò mi, Hàwáwù, ọmọ bàbá mi, fún ọ ní aya, lórí sàdáàkì tó wà níwájú wa yìí". Haleem kò sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán kó tó dáhùn pé òun gbà á.