Ẹni Tó Máa Wọ Bàálù

"Owó ìrìnàjò akẹ́kọ̀ọ́ tó kù kò lè gbé ju ẹnì kan lọ sí àpérò," ni màmá tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ń wí. "Ta ni ká fún?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti dìde. "Èmi ni, mà. Orúkọ mi ló ṣíwájú lórí ìwé ìwádìí náà. Ọmọ yìí ṣì kéré, ọdún mìíràn ń bọ̀."

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà kò tẹrí ba. Ọdún méjì gbáko ló fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀gá rẹ̀ kàn buwọ́ lù ú ni, kò ṣí ojú ewé kejì wò, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, sà?"

"Láti ìgbà wo ni ẹyin ti ń kọ́ adìyẹ bó ṣe máa yé? Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ní kí wọ́n ka àbájáde rẹ̀ sétí wa. Tí wọ́n bá kà á tán láìdúró, kí wọ́n máa lọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ṣí ewé tó gbẹ̀yìn, ó sì gbóhùn sókè bí oníwàásù.

"Nínú ogún akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ya owó ìrìnàjò sọ́tọ̀ fún, mẹ́rin péré ló rí bàálù wọ̀. Àwọn olùkọ́ wọn ló fi owó àwọn yòókù rìn..."

Ohùn rẹ̀ ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi pa.

"Ẹ máa kà á lọ, sà," ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wí. "Ibi tí a to orúkọ àwọn olùkọ́ náà sí ló kàn."