Yanrìn Inú Fíúsì

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi, ìtàn yìí kò gùn. Ní Ìgbẹ́mọ, ìlú tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láwuyì. Òun ló ń tọ́jú iná nílé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì. Kí n má purọ́, kò sí ríwáyà tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ ní gbogbo agbègbè náà. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ohun tí kò bá fi ojú ara rẹ̀ rí, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún un kó gbà.

Ilé ẹ̀rọ yìí fẹ̀yìn ti tiransifọ́mà ńlá tó ń fún àdúgbò náà ní iná. Àpótí fíúsì wà lára ògiri, ojú fíúsì mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wáyà ńlá mẹ́ta tó ń gbé iná wọlé. Abẹ́ àpótí yìí máa ń tutù. Ibẹ̀ ni Adúnọlá, ìyàwó Láwuyì, máa ń gbé atẹ rẹ̀ jókòó sí, tí á máa ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Ajéwọlé yà síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi ṣiṣẹ́ iná kó tó fẹ̀yìn tì. Ó rí i pé wáyà lásán ni Láwuyì fi dí ojú fíúsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì mirí. Ó padà sílé, ó mú fíúsì mẹ́ta tó ti tọ́jú pamọ́ tipẹ́ wá. Wọ́n funfun bíi tánganran, wọ́n wúwo lọ́wọ́, wọ́n sì dì pa.

Bàbá ní, "Láwuyì, gbígbé iná nìkan kọ́ ni iṣẹ́ fíúsì. Dídá a dúró ni. Bí ẹ ṣe sún mọ́ tiransifọ́mà tó yìí, lọ́jọ́ tí iná bá bínú níbí, wáyà rẹ á yọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè pa iná náà."

Láwuyì dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó fi méjì sí i lójú bàbá. Ṣùgbọ́n bàbá kò tíì rìn dé ìkóríta tí ọkàn rẹ̀ fi ń sún un láti mọ ohun tó wà nínú ìkẹta. Ó fi òòlù fọ́ ọ. Kí ló rí? Yanrìn. Yanrìn funfun ló dà sílẹ̀, pẹ̀lú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Láwuyì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Adúnọlá, wá wo ohun tí bàbá ń gbé kiri bí ẹni gbé wúrà. Yanrìn odò."

Adúnọlá ní kó lọ sọ fún bàbá, bóyá bàbá á ní òmíràn. Láwuyì ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó gé wáyà bàbà tó nípọn, ó fi so ojú kẹta. Ó tan gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà láti dán an wò. Wáyà náà gbé e, kò tilẹ̀ gbóná. Ó gbé e lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ́sẹ̀ kejì, Láwuyì sì ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìrẹsì wá. Kò mọ̀ pé ohun tí òun ń dán wò kọ́ ni bàbá ń sọ.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n lójoojúmọ́ ti ń ha ara wáyà ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ara wáyà náà bó tán, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kan irin, wọ́n sì kan ara wọn. Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo agbára tiransifọ́mà ló rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fíúsì bàbá méjèèjì dún "kẹ́", bí ẹni ṣẹ́ igi ìṣáná. Ti wọn parí síbẹ̀. Ojú kẹta bú gbàù. Wáyà yọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná kò kú. Ó dìde dúró nínú afẹ́fẹ́ níbi tí wáyà ti kúrò, ó funfun ju oòrùn lọ, ó ń ké, ó sì ń jẹ irin àpótí náà. Láwuyì tó ti fi ogún ọdún bá iná ṣeré kò rí irú rẹ̀ rí. Ìgbà tó rántí ẹni tó jókòó sábẹ́ àpótí ló tó fò. Ó fa Adúnọlá lápá, irin yíyọ́ sì dà sí Láwuyì lọ́wọ́, níbi tí orí obìnrin náà wà tẹ́lẹ̀. Iná náà kò dáwọ́ dúró títí fíúsì orí òpó níta fi já.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ajéwọlé dé. Kò bá a wí. Ó yọ ọ̀kan nínú fíúsì méjì tó ṣiṣẹ́. Ara rẹ̀ ṣì funfun, kò sán, kò dúdú. Ó fọ́ ọ sórí atẹ Adúnọlá. Yanrìn inú rẹ̀ kò dà jáde bíi ti àkọ́kọ́. Ó ti yọ́, ó ti dì, ó ti di òkúta gígùn kan tó ń dán bíi dígí.

Adúnọlá, tó ti ń ṣa òkúta láti kékeré, gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń yí i wò. Ẹ̀rù ba Láwuyì ju ti ọjọ́ àná lọ.

Ó ní, "Bàbá, irú iná yẹn náà ló wọ inú èyí?"

Bàbá ní, "Òun náà ni. Yanrìn ló gbé e mì. Láwuyì, má fi ọjọ́ tí nǹkan dára wọn agbára nǹkan mọ́."

Títí dòní, ìka méjì kò nà mọ́ lọ́wọ́ òsì Láwuyì. Òkúta yẹn wà lórí àpótí fíúsì tuntun, Láwuyì sì máa ń fọwọ́ kàn án kó tó tan ẹ̀rọ láàárọ̀.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó ń gbé ẹrù lójoojúmọ́ ni ayé ń yìn, ṣùgbọ́n ẹni tó lè dá ibi dúró lọ́jọ́ tí ibi bá dé ni alágbára. Ẹ má fojú kéré ohun tí ẹ kò tíì rí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fi òòlù fọ́ ọ. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.