Iná Tí Ọ̀gá Yàn fún Iyùn

Ọ̀gá ń nàka sí iyùn, ẹ̀dá òkun tó ń gbé inú àpótí gíláàsì olómi-iyọ̀ rẹ̀, fún àwọn àlejò.

"Ẹ wo ìyá tó ń tọ́jú ẹja mi yìí! Ó ní iná ni iyùn ààyè fi ń ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ iná líle, pé búlúù ni kí n kọ́kọ́ tàn, díẹ̀díẹ̀. Funfun tó ń fọ́ni lójú ni mo tàn. Oṣù mẹ́ta rèé, ṣó kú?"

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó ń tọ́jú ẹja tẹrí ba.

"Kò kú, sà. Àwọ̀ rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣí."

"Olódo!" ni ọ̀gá fi dá a lóhùn.

Àlejò kan fẹ́ tọwọ́ bọ omi.

Obìnrin náà sáré dí i lọ́nà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ń ta ni o!"

Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ kan péré niná ọ̀gá fi sọ iyùn ààyè di eegun funfun. Kí wọ́n má bàa lé e lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin náà kó o dànù, ó fi iyùn oníke rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀gá amòye ń fi iná bọ́ ike.